Òjò Ni Yóò Ta Ilé Ìyá Mi

Ìyá mi kò mọ ìwé, ṣùgbọ́n ó ní òfin kan tí ìjọba kankan kò rí yí padà: a kì í ta ilé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

"Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, gbogbo ilé ló dára," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí. "Ilé adìẹ pàápàá dára. Ẹni tó bá fẹ́ ra ilé, kó wá wò ó nínú òjò."

Òfin yìí kò bá a lójú àlá. Ọdún tí bàbá wa kú, ó kó èmi àti àwọn àbúrò mi méjì lọ sí yàrá méjì kan lẹ́yìn ọjà Ifangni, tí a ó máa san owó rẹ̀ lóṣooṣù. Ẹ̀ẹ̀rùn ni. Onílé ti gbálẹ̀, ó ti fi ẹfun kun ògiri, ó tilẹ̀ tẹ́ ẹní tuntun kan sílẹ̀ fún wa. A rò pé inú rere ni. Ọjọ́ tí òjò kọ́kọ́ rọ̀ la tó mọ ohun tí ẹní náà ń bò. Ihò ni, ihò tí omi láti òrùlé ti gbẹ́ sílẹ̀ láti ọdún mélòó kan, ó jìn tó abọ́ ọbẹ̀. Ìkòkò, ọpọ́n, igbá, títí dórí ife tí mo ń gbé lọ sílé ìwé, gbogbo rẹ̀ la gbé kalẹ̀ láti gbe omi. Ìyá kan àti ọmọ mẹ́ta dúró sí igun kan ṣoṣo tó gbẹ, bí ewúrẹ́ tó sá wọ abẹ́ àká. Níbẹ̀ ni ìyá mi ti sọ pé ẹnikẹ́ni kò ní fi ẹ̀ẹ̀rùn tan òun jẹ mọ́, òun náà kò sì ní fi tan ẹlòmíràn.

Lẹ́yìn náà ló kọ́ ilé tirẹ̀. Epo ló fi kọ́ ọ. Tí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, àwọn ènìyàn á rò pé owó epo ni mò ń sọ. Owó epo wà níbẹ̀ lóòótọ́, torí iṣẹ́ epo pupa ni ìyá mi ń ṣe, ẹyìn ọ̀pẹ onílẹ̀ ló sì ń rà. Ṣùgbọ́n epo gan-an wà lára ògiri náà. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó máa ń kù nísàlẹ̀ ìkòkò lẹ́yìn tí a bá ti gbọ́n epo tán, kì í dà á nù. Ó ń kó o jọ sínú ìkòkò ńlá lẹ́yìn ilé, ó sì ní kí wọ́n pò ó mọ́ amọ̀ tí wọ́n fi rẹ́ ògiri, kí omi má baà rí ibi wọlé.

Ọkùnrin tó mọ ilé náà wá láti Banigbé. Ó gbé ìkòkò náà sílẹ̀, ó fín imú.

"Ìyá, ṣé ilé là ń mọ ni àbí ọbẹ̀ là ń sè?"

"Ọbẹ̀ tí òjò ò ní lè jẹ ni," ìyá mi dá a lóhùn. "Ẹ máa rò ó lọ."

Ọkùnrin náà fẹ́ parí láàárín oṣù méjì kó gba owó rẹ̀ kó máa lọ. Ìyá mi kọ̀. Tí ìpele kan bá parí, ó ní kí wọ́n fi sílẹ̀ títí yóò fi gbẹ dé inú; á fi ẹ̀yìn ìka kàn án, á gbọ́ ohùn rẹ̀, á ní, "Kò tíì dáhùn." Ọdún mẹ́ta gbáko. Yàrá márùn-ún, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, páànù tó yọ síta kọjá ògiri dáadáa kí omi má baà máa kán sí ìpìlẹ̀. Ilé tí obìnrin fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́, tí kò sí orúkọ ọkùnrin kankan lórí rẹ̀, kò pọ̀ ní àdúgbò wa nígbà náà. Bí ìyá mi bá ti ń ti ọ̀nà oko bọ̀, tó bá dé ibi tó ti lè rí òrùlé rẹ̀, ó máa ń rọra rìn. Ó ní ẹrù ló wúwo. Ẹrù kọ́.

Èmi ni mo jìyà epo náà. Aṣọ kakí ilé ìwé mi ń rùn bí ìkòkò ọbẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi a sì máa bi mí pé kí la sè lónìí. Bóyá ìdí nìyẹn tí mo fi kàwé títí: kí wọ́n lè rí nǹkan mìíràn pè mí. Ó ṣiṣẹ́ náà. Nígbà tí ìtàn tí mò ń sọ yìí ṣẹlẹ̀, mo ti di olùkọ́ kékeré, wọ́n ń pè mí ní Mẹtirẹ́sì, ìyá mi sì ti di Ìyá Mẹtirẹ́sì. Àkókò Rẹfolusiọ́ọ̀nù ni, ìgbà tí àwọn ológun ní àwọn ń tún ìlú ṣe, tí gbogbo wa jẹ́ kamaradì ara wa, tí ẹnìkan á pariwo "Ẹhuzu!" pé ayé ti yí, tí gbogbo ìpàdé á sì dáhùn "Dandan!"

Ohun tó mú kí ìyá mi fẹ́ ta ilé tó fi ọdún mẹ́ta kọ́ kò ju ọ̀pẹ lọ. Bàbá àgbàlagbà kan ní Tchaada, tí ìyá mi ti ń ra ẹyìn lọ́wọ́ rẹ̀ tipẹ́, pè é lọ́jọ́ kan, ó ní orúnkún òun kò gba òun láyè mọ́, òun ń lọ gbé lọ́dọ̀ ọmọbìnrin òun ní Daagbé. Oko ọ̀pẹ òun wà fún títà. Bí ìyá mi bá fẹ́ ẹ, òun á dúró dè é títí iṣu tuntun yóò fi dé ọjà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé owó wá ni. Gbogbo ayé ìyá mi, ẹyìn ẹlòmíràn ló ti ń sè. Ó padà dé, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wo ògiri rẹ̀, ó ní, "Ẹni tó mọ ọ̀kan lè mọ òmíràn. Ṣùgbọ́n èmi ò lè gbin ọ̀pẹ kí n sì dúró kó dàgbà mọ́."

Ẹ̀ẹ̀rùn ni nígbà náà, owó ilé sì ń gun òkè bí ọmọdé tó rí máńgòrò pípọ́n. Òwò ààlà ti gbóná. Àwọn oníṣòwò láti òdìkejì ààlà àti láti Porto-Novo ń wá ilé tí wọn yóò kó ọjà sí, ilé tí ẹnikẹ́ni kò wò lẹ́ẹ̀mejì tẹ́lẹ̀ sì di ohun tí wọ́n ń jà sí. Àwọn tó ní ilẹ̀ tó ṣófo ń fi bíríkì kọ́ yàrá síbẹ̀ kíákíá, iyanrìn púpọ̀, sìmẹ́ǹtì díẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin ló mú oníbàárà àkọ́kọ́ wá. Fòfó la ń pè é, bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin lápá tiwa. Akọ̀wé ni ní bírò ìjọba, ó sì fẹ́ràn láti máa tún ọrùn aṣọ rẹ̀ ṣe kó tó sọ̀rọ̀. Ẹni tó mú wá ń ta táyà ọkọ̀ àti abọ́ tánganran, ó sanra, ara rẹ̀ yá mọ́ọ̀yàn. Ó wọlé, ó ń fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ láti ògiri kan dé èkejì. Kò gbé ojú sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìyá mi tẹ̀ lé e láti yàrá dé yàrá, òun náà ń wo ojú rẹ̀ bóyá yóò gbé e sókè.

Ọkùnrin náà dá iye kan. Fòfó tún ọrùn aṣọ rẹ̀ ṣe. Èmi la ẹnu mi sílẹ̀ gbàgà, mo gbàgbé láti pa á dé.

"Ẹ ṣé gan-an, ọ̀gá," ìyá mi wí. "Ẹ padà wá nígbà òjò."

"Nígbà òjò kẹ̀? Ṣé ẹ̀ ń retí ẹnìkan ni, Ìyá?"

"Òjò náà ni mò ń retí. Ẹ máa jókòó síbí, á rọ̀, ẹ ó wò ó bóyá ó ń jò. Ìgbà yẹn la ó tó sọ̀rọ̀ owó."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi ń gbọ̀n. "Ìyá, táyà ni mo fẹ́ kó síbẹ̀. Inú omi ni táyà ń rìn!"

"Ilé mi kì í ṣe ọ̀nà."

Ó lọ. Fòfó kò tiẹ̀ dúró kó dé ẹnu ọ̀nà kó tó bẹ̀rẹ̀.

"Ṣé orí rẹ pé báyìí, àbúrò mi? Ẹni tó ní òun á ra ilé láìwo òrùlé rẹ̀, o ní kó lọ wò ó! Àwọn ẹlòmíràn ń bẹ Ọlọ́run kí wọ́n rí irú rẹ̀."

"Fòfó mi, ẹ má bínú. Mo kọ́ ilé kan tí mo lè fi yangàn. Ẹ wá ní kí n tà á fún ẹni tí kò wò ó?"

"Yangàn! Ṣé yangàn ló ń ra oko ọ̀pẹ?"

Èmi náà kò fà sẹ́yìn. Mo mú ṣọ́ọ̀kì tí mo gbé bọ̀ láti ilé ìwé, mo fa ìlà sára ilẹ̀kùn: ìlà kan tó ń gòkè, owó ilé, ó gòkè, ó gòkè, lẹ́yìn náà mo fi hàn án pé ó lè wálẹ̀ gbì. Mo ṣàlàyé fún un bí mo ṣe ń ṣàlàyé fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, mo tún bu Faransé díẹ̀ sí i kó lè dùn. Ìyá mi wo ìlà náà dáadáa.

"Mẹtirẹ́sì, ibo ni òjò wà nínú rẹ̀?"

"Kò sí òjò nínú rẹ̀, Ìyá."

"Ẹ̀hẹn. Pa á rẹ́. Ó ń ba ilẹ̀kùn mi jẹ́."

Ẹni mẹ́ta mìíràn wá lẹ́yìn onítáyà. Gbogbo wọn ló gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà. Ọ̀rọ̀ dé ọjà, wọ́n sì sọ ọ́ ní Ìyá Òjò. Délégée, aṣojú ìjọba ládùúgbò wa, tó fẹ́ràn àwàdà, pàdé mi lọ́nà, ó ní, "Kamaradì Mẹtirẹ́sì, ẹ bá mi kí Ìyá Òjò. Ẹ sọ fún un pé ìjọba kò tíì fọwọ́ sí òjò ọdún yìí." Mo rẹ́rìn-ín. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́ síbí, ṣùgbọ́n mo rẹ́rìn-ín, ó sì dùn mọ́ mi.

Lọ́jọ́ kan, láìsí pé a gbọ́ ohunkóhun tẹ́lẹ̀, wọ́n ti ààlà pa.

Ẹni tí kò gbé àgbègbè wa kò lè mọ ohun tí gbólóhùn kékeré yẹn jẹ́. Ọjà di ahoro. Àwọn oníṣòwò kó ẹrù wọn padà. Onítáyà ọ̀hún, a kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Yàrá bíríkì tí wọ́n kọ́ kíákíá wà níbẹ̀ láìsí ẹni tó ń bèèrè wọn. Ìlà tí mo fà sára ilẹ̀kùn wálẹ̀ gbì gẹ́gẹ́ bí mo ti wí. Mo jẹ́ olùkọ́ tó dára, kò sì sí ohun tó burú tó kí ẹ̀kọ́ èèyàn ṣẹ lórí ìyá rẹ̀.

Fòfó wá, ó jókòó, kò tún ọrùn aṣọ rẹ̀ ṣe. Ó kàn ní, "Ṣé o rí i?" Ìyá mi ní, "Mo rí i, Fòfó mi."

Láti ọjọ́ yẹn, ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í dúró síwájú ilé láràárọ̀, tí yóò máa wo ojú ọ̀run. Kì í ṣe àwòṣeré. Oúnjẹ tó ń bù fún ara rẹ̀ ń kéré sí i. Iṣu tí wọ́n gbìn ti ń hù, ó sì mọ̀ ju gbogbo wa lọ pé bí iṣu náà bá dé ọjà kí ilé tó ní oníbàárà, oko ọ̀pẹ Tchaada ti lọ nìyẹn. Mo bá a níbẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo fẹ́ fi í ṣẹ̀fẹ̀, mo ní, "Ìyá, ṣé a ti fọwọ́ sí i?" Ó yíjú sí mi. Omi wà lójú rẹ̀. Èyí ni òjò àkọ́kọ́ tí mo rí lọ́dún yẹn, n kò sì tún ṣe ẹ̀fẹ̀ kan fún ọjọ́ mélòó kan, èyí tó jẹ́ àìsàn fún irú mi.

Òjò rọ̀ lọ́jọ́ ọjà, lọ́sàn-án gangan.

Afẹ́fẹ́ ló kọ́kọ́ dé, ó kó eruku àti ewé, ó gbé ìbòrí àwọn ìsọ̀. Ìyá mi wọ inú yàrá lọ. Mo rò pé ó lọ kó aṣọ tó sá. Ó jáde pẹ̀lú ìró rẹ̀ tó dára jù, èyí tó ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ọdún, ó ró o dáadáa, ó sì ṣí gbogbo ilẹ̀kùn ilé sílẹ̀ gbayawu. Ó gbé àga kan sáàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó jókòó.

"Ìyá, kí lẹ̀ ń retí?"

"Ẹni tí òjò bá mú wá."

Àwọn tó ń sá ọjà bọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Obìnrin pẹ̀lú agbọ̀n ata, ọkùnrin kan pẹ̀lú ewúrẹ́, Délégée aláwàdà wa pẹ̀lú fìlà tó ti rọ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kún, yàrá kún. Òjò ń lu páànù débi pé a ní láti máa pariwo kí a tó gbọ́ ara wa. Nígbà náà la gbọ́ ìró kan láti òdìkejì ọ̀nà, ìró tó wúwo, tó rọ̀. Ògiri ọ̀kan nínú àwọn yàrá bíríkì tuntun náà ti jókòó sílẹ̀ bí àgbàlagbà tó rẹ̀.

Láti inú èyí tó tẹ̀ lé e ni agbẹ̀bí tuntun ti jáde. Ó ti gba yàrá níbẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n gbé e wá sí ilé ìgbẹ̀bí wa, òun àti ọkọ rẹ̀. Ó ru mátírẹ́ẹ̀sì sórí, omi ń ṣàn láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀, ọkọ rẹ̀ ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú àpótí. Wọ́n wọlé. Kò sí ibi tí wọ́n lè gbé mátírẹ́ẹ̀sì sí, ewúrẹ́ ló sì kọ́kọ́ dùbúlẹ̀ sórí rẹ̀.

Agbẹ̀bí náà nu ojú rẹ̀. Ó wo ilẹ̀, ó gbẹ. Ó wo ògiri, ó gbé ọwọ́ lé e. Lẹ́yìn náà, ó gbé orí sókè.

Mo wo ìyá mi. Ó ti dìde dúró.

"Ìyá," agbẹ̀bí náà pariwo, "kò jò rárá!"

"Ẹ wo yàrá tó kù."

Ó lọ wò ó. Ó wo márààrún, ó ń gba àárín àwọn ènìyàn kọjá, ojú rẹ̀ lókè bí ẹni tó ń wá ẹyẹ. Nígbà tó padà, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bí òjò náà ti ń rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi o. Ṣé ilé yìí wà fún títà?"

"Ó ti wà fún títà láti ẹ̀ẹ̀rùn," ìyá mi wí. "Ẹni tí yóò gbé ojú sókè la kò rí."

Délégée rẹ́rìn-ín, ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó ní, "Ìyá Mẹtirẹ́sì, ìjọba ti fọwọ́ sí i." Láti ọjọ́ náà, n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní Ìyá Òjò láti fi ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

Iye tí agbẹ̀bí àti ọkọ rẹ̀ lè san kò tó ohun tí onítáyà dá. N kò ní pa irọ́. Kò súnmọ́ ọn. Fòfó gbọ́ ọ, ó mi orí. Ṣùgbọ́n nígbà tí òun àti ìyá mi lọ sí Tchaada, bàbá olóko fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Àwọn méjì tó ń du oko náà nígbà òwò ààlà ti lọ bí onítáyà ti lọ. Iye tó ń bèèrè nígbà náà, òun fúnra rẹ̀ kò lè fi ojú kan ìyá mi kó tún bèèrè rẹ̀. Ó dín in kù, owó ilé náà sì ká oko náà.

Nígbà tí wọ́n dé ilé, Fòfó ní, "Ká ní a gba owó onítáyà lẹ́ẹ̀rùn, kì bá tí tó ra oko náà ní iye ti ìgbà yẹn."

"Fòfó mi, ohun tó ń gbé owó ilé sókè ló ń gbé owó oko sókè. Ẹni tó ń ta ọ̀kan láti ra èkejì, kí ló fẹ́ fi gíga ṣe?"

Láti ìgbà náà ni mo ti ń bi í bóyá ó ti mọ èyí tẹ́lẹ̀ ni àbí ọ̀nà Tchaada ló ti rí i. Mo bi í nígbà tí mo ṣègbéyàwó, mo bi í nígbà tí mo bí àkọ́bí mi. Ó máa ń ní, "Lọ fa ìlà rẹ̀ sára ilẹ̀kùn."

A ṣe ìwé títà náà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, òjò ń ṣẹ̀ wìnnìwìnnì níta torí ìyá mi ní ọjọ́ mìíràn kò dára. Èmi ni mo kọ ọ́, Délégée àti Fòfó ni ẹlẹ́rìí. Nígbà tó kan ìyá mi láti tẹ àtàǹpàkò, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìdí ìkòkò dé ni, kò rántí nu ọwọ́ rẹ̀. Àmì pupa yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́ kan hàn lórí ìwé, ó sì ń tàn kálẹ̀. Délégée ní kí a kọ òmíràn, pé yíǹkì ni ìjọba mọ̀.

"Kì í ṣe yíǹkì ló kọ́ ilé yìí," ìyá mi wí, ó sì nawọ́ ìwé náà sí agbẹ̀bí. Agbẹ̀bí gbà á, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i kó gbẹ. Kò gbẹ. Ó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ dòní, mo ti rí i, àmì náà sì ti mú kí ìwé náà mọ́ gaara bí ojú fèrèsé.

Kí a tó kó jáde, ìyá mi gbé gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìkòkò kan fún un, ó sì fi hàn án bí yóò ti máa fi rẹ́ ẹsẹ̀ ògiri lọ́dọọdún, kí òjò tó dé. Agbẹ̀bí fín imú.

"Ìyá, ṣé òórùn yìí á lọ?"

Èmi ni mo dá a lóhùn. "Rárá o. Ṣùgbọ́n ọmọ yín á mọ ìwé."

Lóko ọ̀pẹ, a kò tíì ní ilé. Ìyá mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé amọ̀, kò sì ní jẹ́ kí wọ́n yára, nítorí náà ahéré tí bàbá olóko fi sílẹ̀ la wọ̀. Òjò ńlá kejì bá wa níbẹ̀. Omi wọlé láti òrùlé, láti ẹnu ọ̀nà, mo sì rò pé ó wá láti abẹ́ ilẹ̀ pẹ̀lú. A gbé ìkòkò kalẹ̀, a gbé ọpọ́n kalẹ̀, a gbé igbá. Ìyá mi jókòó sáàárín wọn, orí rẹ̀ tutù rinrin, ó ń wo ọ̀pẹ rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì nínú òjò, títí ojú kò fi rí wọn mọ́.

"Ìyá," mo ní, "ilé yìí ń jò."

"Jẹ́ kó máa jò," ó wí. "Mi ò tà á."